Kíka Igi Abẹ́ Irin

Kí ladání Ṣáwo tó parí ìpè àsùbá,
bàbá mi ti wọ bàtà.
Bàtà rélùwéè ni, dúdú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti là bí ẹnu ẹja,
okùn ọ̀tún kì í ṣe ọmọ ìyá okùn òsì.
Kò mọ ọjọ́ tí a wà.
Ó mọ ibi tí bàtà wà.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gbé àsíá lójú irin Ọ̀fà.
Pupa, dúró. Àwọ̀ ewé, máa bọ̀.
Àsíá ti gbó, ọkọ̀ ti di àwátì,
koríko hù láàárín irin méjì, ewúrẹ́ ń jẹ̀ níbẹ̀;
Bùráímọ̀ Àjàdí ṣì ń jáde lọ wo ojú irin
bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó oṣù kan.

Ó ń ka igi tó dábùú abẹ́ irin bó ti ń lọ,
ení, èjì, ẹ̀ta,
tó bá ku díẹ̀ kó pé ọgọ́fà, òǹkà á já mọ́ ọn lọ́wọ́,
á ní, "Ẹ má bínú,"
n kò mọ ẹni tó ń bẹ̀,
á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.

Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà.
Ẹni tí bàbá mi ń bá jà báyìí kò ní ẹsẹ̀ tí a lè kọ́,
kò ní ẹ̀yìn tí a lè fi nalẹ̀.
Ó kàn ń ṣa ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà:
lánàá, orúkọ àbúrò rẹ̀. Lónìí, síbí.
"Ẹ fún mi ní... ohun tí a fi ń bu nǹkan."

Nígbà òjò èṣí, ó pẹ́ kó tó dé.
Ọmọ tó ń ta kúkúndùnkún lọ́nà Ìjàgbó ló mú un lọ́wọ́ wálé,
ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn.
Àyà mi já. Mo ra àgádágodo.
Mo ní ìfẹ́ ni.
Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni ìfẹ́ mi fi ti géètì pa.

Ọjọ́ kẹta, kò bèèrè bàtà mọ́.
Ọjọ́ keje, mo bá a sọ̀rọ̀, ó ń wo ẹnu mi
bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó kọjá láìdúró.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, ó pè mí ní "mà",
ó ní kí n jọ̀wọ́, kí n bá òun wá ọmọ òun obìnrin,
Sìdíkátù, ó ga díẹ̀, ó fẹ́ràn àríyànjiyàn.

Nọ́ọ̀sì kan ní Ìlọrin, ará Ìgbàjà tí kì í rẹ́rìn-ín,
wo bàtà rẹ̀ kó tó wo ojú rẹ̀.
"Ta ló ń bá bàbá rìn?"
Mo ní mo ti dá a dúró, kó má baà sọ nù.
Ó ní, "N kò sọ pé ìrìn yóò wò ó sàn o.
Ọ̀bẹ tí wọ́n fi pamọ́ ló ń dípẹtà.
Ṣí géètì. Bá a lọ."

Àwa méjì ni báyìí. Òun níwájú, èmi àti ike omi lẹ́yìn.
"Ilé Ráímì télọ̀ nìyí, ó jẹ mí ní ṣòkòtò kan."
Ráímì ti kú, wọ́n ti ń gba iná sí fóònù níbẹ̀;
ṣùgbọ́n gbèsè náà ṣì wà, mo mọ ṣòkòtò náà.
Ọmọdé kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná.
"Síbí!" ni bàbá mi pariwo,
bí ẹni rí ọ̀rẹ́ tó ti ìdálẹ̀ dé.

Kì í ṣe ojoojúmọ́.
Òwúrọ̀ mìíràn wà tó jẹ́ igi kan ṣoṣo la kà.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, à ń kà á pọ̀, fóònù mi dún,
mo dúró, n kò mọ ibi tí mo kà á dé.
Kò bojú wẹ̀yìn.
"Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin," ló wí. "Sìdí, gbọ́kàn sí i."
Ewúrẹ́ kan fẹ́ sọdá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì.
Ó na ọwọ́ sókè gan-an,
ó dá mi dúró níbẹ̀,
títí wọ́n fi kọjá tán.